Ẹ Jẹ́ Kí Ohun Kan Wà Tí Ẹ Kò Ní Tà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹ sì ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára. Ní ayé ìsinsìnyí, bí ọ̀dọ́ kan bá gbé gìtá, tó ta á tó dùn létí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu ará ilé ni pé, "Èló ni wọ́n ń san fún ẹ níbẹ̀?" Bí ó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní kó lọ wá oníbàárà lókè òkun tí yóò fi dọ́là san án. Bí ó bá ń ya àwòrán, wọ́n á ní kó tètè gbé e sórí Instagram kó máa tà á. Ẹ̀yin náà ti wá gba ìbéèrè yìí sọ́kàn débi pé ẹ ti ń ṣírò owó kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí ẹ kò bá rí owó níbẹ̀, ẹ ó gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí olúkúlùkù yín ní ohun kan, ó kéré tán, tí yóò máa ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, nítorí pé ó wù ú, tí kò sì ní tà.

Mi ò ní kí ẹ má wá owó o. Mo mọ ohun tí kóńgò gàrí kan ti dà lọ́jà. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, àwa la kọ́ yín bẹ́ẹ̀, a kò sì purọ́. Àmọ́ àwọn tó pa òwe yẹn náà ló gbẹ́ ọpọ́n ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Àgbẹ̀ tó ti oko dé, tó ti wẹ̀, tó ti jẹun, yóò jókòó ti ọpọ́n lábẹ́ igi, ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta, yóò máa fi òpè ṣe ẹlẹ́yà, àwọn òǹwòran yóò máa dá sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èló ló ń pa nídìí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wéré nínú oṣù Ramadan. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń fi orin àti ìlù jí àwọn mùsùlùmí kí wọ́n lè dìde jẹ sààrì. Inú eré yẹn ni àwọn bíi Síkírù Àyìndé Barrister dàgbà sí, ibẹ̀ ni fújì sì ti jáde.

Ẹ tún wo I.K. Dairo, olórin jùjú. Ìlù tó kọ́kọ́ ní, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló ṣe é fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tó dàgbà, ó fá orí fún èèyàn, ó ta aṣọ, ó ṣe iṣẹ́ lébìrà. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ó di ọ̀dọ̀ àwọn onílù. Ọdún 1957 ló tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó sì máa fi di 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fún un ní oyè MBE. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ oyè yẹn. Àwọn ọdún tó ṣáájú 1957 ni èmi fẹ́ kí ẹ wò, nígbà tó jẹ́ pé abẹ ló ń bọ́ ọ, tí ìlù sì ń mú ara rẹ̀ yá.

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, tiyín náà ń bọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki nílẹ̀ Finland, kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń kọ ètò kan tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, pé òun kàn ń fi gbafẹ́ ni, kò ní di nǹkan ńlá. Ètò náà ni Linux, òun ló sì wà nídìí gbogbo fóònù Android tí ẹ ń tẹ̀ yìí. Ní Kérésìmesì ọdún 1989, Guido van Rossum ní Amsterdam ń wá ohun tí yóò fi dí ọwọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ọ́fíìsì máa wà ní títì. Kọ̀ǹpútà wà nílé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èdè kan tí èèyàn lè fi kọ ètò fún un. Python nìyẹn. Mi ò sọ ti àwọn méjèèjì kí ẹ lè máa retí pé tiyín náà á kárí ayé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọ tiwọn tí kò kúrò nínú yàrá, tí wọ́n sì gbádùn rẹ̀ bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi hàn yín. Tíṣà ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu gángan. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí iná sì wà, mo ń kọ Python. Níbì kan, àwọn méjèèjì pàdé. Ẹ rántí pé dò, re, mí ni wọ́n fi kọ́ wa ní ohùn Yorùbá níléèwé. Mo ní kí n kọ ètò kékeré kan tí yóò ka ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀ sí i, tí yóò sì fi ohùn dùùrù pè é: ohùn ìsàlẹ̀ á jẹ́ dò, èyí tí kò lámì á jẹ́ re, ohùn òkè á jẹ́ mí. Mo fi dò sí 262, re sí 294, mí sí 330, ìyẹn iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo tẹ Adéọlá. Re, mí, re, mí. Ó pè é bó ṣe yẹ. Mo tẹ ẹ̀kọ́, ó ní re, re.

Mo jókòó tì í títí mo fi rí ìdí rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, é jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀ kò sì ní ẹyọ tirẹ̀: ẹ dá dúró, àmì orí rẹ̀ tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí nǹkan mìíràn. Ojú wa ń rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń rí méjì. Python ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ unicodedata. Mo fi tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, àmì orí lọ́tọ̀, mo wá ní kí ètò náà fojú fo ti ẹsẹ̀, kó mú ti orí. Ó tún ku ń tó wà nínú ńlá, tí kì í ṣe fáwẹ̀lì àmọ́ tó ní ohùn tirẹ̀. Mo fi ìyẹn náà kún un. Nígbà tí ẹ̀kọ́ jáde ní dò, mí, ariwo tí mo pa mú ìyá àwọn ọmọ sáré jáde ní ilé ìdáná.

Ibi tó ti wá dùn jù ni ìgbà tí mo gbé gángan, tí mo lu ọ̀rọ̀ kan náà. Kò bá ti ẹ̀rọ mu. Ẹ̀rọ fò láti orí dò bọ́ sórí mí. Bí mo ṣe ń fi apá fún ọṣán gángan mọ́ra, ohùn rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, mo fetí sí ẹnu ara mi: ti gángan ló jọ. A kì í fò láti ohùn ìsàlẹ̀ bọ́ sórí ohùn òkè, fífà la máa ń fà á gòkè. Láti kékeré ni mo ti ń sọ èdè yìí, mi ò sì fetí sí i bẹ́ẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ pé owó ni mo ń wá, ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti pe Adéọlá bó ṣe yẹ ni ǹ bá ti gbé e lọ sọ́jà, mi ò sì ní mọ ìyókù.

Ẹ ó ní kò sí àkókò. Òótọ́ ni, ẹni tó ń jí ní aago 4 kó lè rí ọkọ̀ wọ lọ sí Èkó, wákàtí mẹ́ta kò sí nílẹ̀ fún un. Ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Ibi tí o ti máa mú un ni ibi tí o ti ń fi àtàǹpàkò yí fídíò kan tẹ̀ lé òmíràn títí oorun á fi gbé ọ lọ. Python ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android, bí o bá sì ti gbé e sórí rẹ̀ tán, o lè máa kọ ọ́ láìsí dátà. Gìtá onígi kò bá iná ìjọba ṣe rárá. Ẹni tí kò lówó gìtá, ìdílé Àyàn wà ládùúgbò; lọ kí wọn bó ti yẹ, mú nǹkan dání, bá wọn jókòó, kí o sì fi ara balẹ̀ gbọ́ ohun tí gúdúgúdú ń ṣe nígbà tí ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà tó ń dí yín lọ́wọ́ ju àìsí àkókò lọ: ìtìjú. Nígbà tiwa, ẹni tó mọ ìlù lù jù ládùúgbò lo máa fi ara rẹ wé, o sì lè bá a lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ̀yin ti gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù láyé lórí YouTube kí ẹ tó ra okùn gìtá. Bí o bá lu tìrẹ tí kò dún bíi tiẹ̀, o rò pé o kò yẹ lẹ́ni tí ń lù ú. Ọmọ mi, máa lù ú. Kò pọn dandan kí o mọ̀ ọ́n jù, kò tilẹ̀ pọn dandan kí o mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bí owó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá ọ níbẹ̀, gbà á, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá wá rí i pé o kì í gbé gìtá mọ́ àfi tí wọ́n bá pè ọ́ sóde, gìtá ti di iṣẹ́ nìyẹn. Wá nǹkan mìíràn tí yóò jẹ́ tìrẹ. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kóòdù, ìyẹn kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, lẹ fi ń jẹun náà ńkọ́? Bí kóòdù tilé kò bá ti yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì mọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà dé, ẹ gbin ewédú sẹ́yìnkùlé, ẹ lọ kọ́ dùùrù, ẹ lọ ta ayò.

Ní ti ètò ohùn yẹn, ó ṣì ku ibì kan. Mo fẹ́ kó máa fa ohùn gòkè bíi ti gángan, kó gbéra ní 262, kó máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ dé 330 láàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ẹ̀kọ́, kí etí má sì gbọ́ oríkèé níbẹ̀. Mi ò tíì rí i ṣe bí mo ṣe fẹ́. Ẹni tó bá ṣáájú mi rí i ṣe nínú yín, kó wá kọ́ mi. Mo máa ń wà nílé lálẹ́.

Èmi ni bàbá yín,
tíṣà ìṣirò tẹ́lẹ̀, Abẹ́òkúta.