Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń tọ́jú ẹrù eré ní Mọ́sìkò

Àbúrò mi,

O kú iṣẹ́ o. O ní wọ́n ti fi ọ́ sídìí ẹrù eré fún apá kejì fíìmù àwàdà yẹn, èyí tó jọ Kholop ("Ẹrú") ti Rọ́ṣíà, àti pé ọdún 1812, ìgbà tí Napoleon kó ogun Faransé wọ Rọ́ṣíà, ni wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ lọ báyìí. O ní kí n kọ ohun tó yẹ kí o máa ṣọ́ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò lè gba inú lẹ́tà kan, àmọ́ àwọn tó máa ń kó ẹ̀ka yín sí wàhálà nìyí.

Kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn olówó fi ń sanwó fún irú iṣẹ́ yìí. Fíìmù Kholop tí Klim Shipenko darí jáde ní 26 Oṣù Kejìlá 2019, ó sì pa owó tó lé ní bílíọ̀nù 3 rúbù. Títí di ìgbà náà, kò sí fíìmù Rọ́ṣíà tó pa tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ò le: Grisha, ọmọ olówó àkẹ́bàjẹ́ kan tí Miloš Biković ṣe, jí bá ara rẹ̀ ní abúlé, wọ́n ní ọdún 1860 ni, wọ́n ní ẹrú ni. Àṣé òṣèré ni gbogbo ará abúlé, bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ sí i kí wọ́n lè fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Kholop 2 bọ́ sí sinimá ní 1 Oṣù Kìíní 2024, òun náà sì kọjá bílíọ̀nù 2. Wọn ò ṣèèṣì mú ọjọ́ yẹn o. Láti ọjọ́ 1 sí 8 oṣù náà ni Rọ́ṣíà fi ń sinmi, Kérésìmesì tiwọn bọ́ sí ọjọ́ 7, tọmọ-tìyá ló ń wọ́ lọ sí sinimá. Ọjọ́ tí irú fíìmù báyìí máa jáde ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú, wọ́n á wá máa ka oṣù bọ̀ wá sẹ́yìn. Torí náà, bí wọ́n bá ní Ọjọ́rú ni àwọn ń fẹ́ pátákó kan, Ọjọ́rú náà ni o. Má bá wọn sọ pé ọ̀dà kò tíì gbẹ.

Ibi tí apá kejì irú fíìmù bẹ́ẹ̀, bíi tiyín, ti le ni pé aráàlú ti mọ idán náà. Ní àkọ́kọ́, bí bàtà kan bá ṣì lẹ́sẹ̀ ará abúlé, èèyàn á ní, "Ṣebí ará òde òní ló kọ́ abúlé ọ̀hún, àwọn ló ṣì í." Lẹ́ẹ̀kejì, ojú tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe ni wọ́n gbé wá láti ilé. Bí olùdarí bá fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ike omi kan ṣoṣo lórí tábìlì baálé, gbogbo nǹkan yòókù lórí tábìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọdún 1812. Bí mẹ́ta bá ṣì níbẹ̀, ike náà di àìmọṣẹ́ lásán, ẹ̀rín á kú.

Ọ̀rọ̀ kholop fúnra rẹ̀ kò tọ́ sí 1860. Ayé ọba Peter Kìíní, ní nǹkan bí 1723, ni òfin ti da àwọn kholop pọ̀ mọ́ àwọn krepostnoy, ìyẹn àwọn tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ ọ̀gá, tí wọn ò sì bọ́ títí di 1861. Kholop ìgbà àtijọ́ sì pín sí oríṣiríṣi. Àwọn kan wọ̀ ọ́ nítorí gbèsè, wọ́n ń sin ẹni tó yá wọn lówó. Bí wọ́n bá ní kí o bá wọn ṣe Yorùbá sísàlẹ̀ àwòrán, má kọ "ẹrú" síbi gbogbo. Ti onígbèsè yẹn, ìwọ̀fà ló súnmọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1597 òfin wọn sọ pé kò lè sanwó kó bọ́, àfi bí ọ̀gá bá kú.

Ó kan oúnjẹ. Má gbé ọ̀dùnkún síwájú tálákà ọdún 1812. Lẹ́yìn 1840 ni ìjọba ń fipá mú àwọn àgbẹ̀ gbìn ín, wọ́n sì jà nítorí rẹ̀. Kábéèjì, búrẹ́dì dúdú, kasha (hóró ọkà sísè), àti repa, iṣu kékeré rogodo kan tó ní àwọ̀ ìyeyè, ìyẹn ló yẹ kó wà nínú àwo. Má jẹ́ kí òṣèré kankan máa pa hóró sọ́ńfláwà jẹ létí ọgbà, kò tíì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ nígbà yẹn. Ìṣáná kò sí, akọ òkúta àti irin ni wọ́n fi ń ṣá iná. Àkọ́díọ̀nù kò sí. Ọmọlangidi matryoshka tí gbogbo àlejò ń rà yẹn, ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún náà ló dé. Samovar, ìkòkò irin tí wọ́n fi ń se omi tíì, wà, ṣùgbọ́n ilé olówó ni kí o gbé e sí.

Bàtà lapti ni kí o fara balẹ̀ sí jù. Èèpo inú igi lipa ni wọ́n fi ń hun ún, bí ẹni ń hun agbọ̀n. Bó bá gbẹ, ó ń ya, torí náà rẹ ẹ́ sómi kí òṣèré tó wọ̀ ọ́, kí o sì máa wọ́n omi sí i, torí iná sinimá ń gbẹ ẹ́ kíá. Ṣe oríṣi mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: tuntun, èyí tó ti gbó díẹ̀, èyí tó ti fàya, nítorí kì í ṣe bí ìtàn ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n ń yà á. Àwọn kan máa ń lẹ rọ́bà mọ́ abẹ́ rẹ̀ kí òṣèré má baà yọ̀. Ó dáa nínú eré ẹkún. Nínú àwàdà, ṣubúṣubú ni iṣẹ́ wọn, àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ yọjú. Fi awọ rọ rọ́bà náà, tàbí kí o yọ ọ́ kúrò ní ọjọ́ ìṣubú.

Ti ìwé kíkọ nìyí. Kí wọ́n tó tún àkọtọ́ wọn ṣe ní 1918, lẹ́tà ъ máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó bá fi kọ́ńsónáǹtì parí, lẹ́tà ѣ sì wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ kan. Pátákó ilé ọtí á jẹ́ ТРАКТИРЪ. Búrẹ́dì, tí wọ́n ń kọ ní lẹ́tà 4 lónìí, á di ХЛѢБЪ, lẹ́tà 5. Àwọn tó ń kọ pátákó ayédèrú kàn ń lẹ ъ mọ́ ibi tó bá wù wọ́n, àní lẹ́yìn fáwẹ́lì pàápàá. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ kọ ìwé ayé àtijọ́ tiwa, tó mọ̀ pé "aiye" ni wọ́n ń kọ, tó wá ń fi "i" kún gbogbo ọ̀rọ̀. Déètì náà ńkọ́? Ní ayé yẹn, kàlẹ́ńdà Rọ́ṣíà fi ọjọ́ 12 wà lẹ́yìn ti Faransé. Ọjọ́ tí ogun Napoleon wọ Mọ́sìkò, ọmọ ogun Faransé á kọ 14 Oṣù Kẹsàn-án sórí lẹ́tà rẹ̀, ará Rọ́ṣíà á kọ 2 Oṣù Kẹsàn-án. Bí lẹ́tà méjèèjì bá wà nínú eré kan, kọ wọ́n bẹ́ẹ̀, kí o sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ ìtẹ̀léra àwòrán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á "tún un ṣe".

Ìbọn wọn, ọmọ ìyá ṣàkàbùlà ni. Ọmọ ogun á fa òòlù dé ìdajì, á fi eyín ya ìwé ẹ̀tù, á bu díẹ̀ sínú àwo ẹ̀gbẹ́ ìbọn, á dé e, á da ìyókù sí ẹnu ìbọn, á fi ọ̀pá irin kì í, á wá fa òòlù tán. Ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ ń yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Nínú fíìmù, ẹ má fi ọ̀pá kankan kì í. Bí ó bá gbàgbé ọ̀pá sínú ìbọn tó sì yìn ín, ọ̀pá náà á fò jáde bí ọ̀kọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó kọjú sí ẹnikẹ́ni, kámẹ́rà ló máa mú kó dà bí ẹni pé ó kọjú sí i. Ìrì àárọ̀ ń mú ẹ̀tù rọ̀, ihò iná ń dí lẹ́yìn ìyìnbọn bíi mélòó kan, nítorí náà kí wáyà tín-ínrín wà lápò rẹ. Fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ìpẹtà kì í dúró di ọ̀la. Àwọn tó máa ń fi eré tún ogun Borodino, ìjà ńlá kan ní 1812, ṣe nínú Oṣù Kẹsàn-án máa ń gbé aṣọ àti ìbọn tiwọn wá. Bọ́tìnnì kan tó ṣì lè mú wọn kọ̀ láti jáde, má bá wọn jiyàn, wọ́n sábà máa ń tọ̀nà.

Bí ẹ bá ń ya ìgbà òtútù, ní Oṣù Kejìlá ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ní Mọ́sìkò kò ju nǹkan bí wákàtí 7 àti ààbọ̀ lọ. Bátìrì ń kú kíákíá, fi àpò inú aṣọ rẹ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Kámẹ́rà tó bá ti òtútù wọlé gbígbóná, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ má sì tú u títí á fi yá, nítorí ìrì á bò ó lójú. Àmọ́ má jẹ́ kí òǹkọ̀wé fi yìnyín pa gbogbo ọmọ ogun Napoleon o. Ooru àti àrùn ti pa ọ̀pọ̀ wọn kí yìnyín tó bọ́.

Ẹ̀rín tó wà nínú ìtàn fúnra rẹ̀ pọ̀ tó. Àwọn ọmọ olóyè Rọ́ṣíà ń sọ Faransé ju èdè ìyá wọn lọ, àwọn àgbẹ̀ sì ń rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Denis Davydov, ọ̀gágun tó ń bá Faransé jà nínú igbó, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun dá irùngbọ̀n sí, òun wọ aṣọ àgbẹ̀, òun sì gbé àwòrán Nicholas Mímọ́ kọ́ ọrùn dípò àmì ẹ̀yẹ, kí àwọn èèyàn òun fúnra wọn má baà pa òun. Bí o bá rí olùdarí níbi oúnjẹ ọ̀sán, sọ ìyẹn fún un. Ìwọ lo máa gbé irùngbọ̀n àti àwòrán náà kalẹ̀.

Ya pátákó ТРАКТИРЪ náà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó kàn án mọ́gi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ