Ẹ Wo Ẹ̀yìn Bọ́ńpà Kí Ẹ Tó Wo Ojú Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí bọ́ńpà iwájú tí àwọn tó ń fi píkọ́ọ̀pù wọ ẹrẹ̀ àti orí àpáta máa ń rà láti fi rọ́pò èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń yàn án: bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe dúdú tó, iye iná tó gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti di ṣáásí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀) mú, ni iṣẹ́ wà, àwòrán ìpolówó kì í sì í sábà fi ibẹ̀ hàn.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe wúwo tó. Bọ́ńpà irin tó gùn dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè wọn 50 sí 90 kìlò. Winch, ẹ̀rọ tó ń ká okùn láti fa ọkọ̀ jáde, á tún fi bíi 25 sí 40 kìlò kún un. Níwájú táyà ni gbogbo rẹ̀ so rọ̀ sí, nítorí náà ẹrù tó ń bọ́ sórí táyà iwájú ju ohun tí a gbé sí i lọ. Ká ní 80 kìlò wà ní sẹ̀ǹtímítà 80 síwájú àárín táyà iwájú, tí táyà iwájú sì jìnnà sí tẹ̀yìn ní mítà 3.2: 100 kìlò ló máa kún orí táyà iwájú, tẹ̀yìn á sì fi 20 kìlò fúyẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí imú ọkọ̀ fi ń wọlẹ̀, tí táyà ẹ̀yìn sì ń yọ̀ lójú ọ̀nà tútù nígbà tí kò sí ẹrù lẹ́yìn. Ẹni tó bá ra bọ́ńpà tó wúwo ti ra sípíríìnì iwájú mọ́ ọn nìyẹn, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù tí kì í kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún táyà tò, kí wọ́n sì tún iná iwájú dojú kọ ibi tó yẹ.

Ti alumíníọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ tó ìdajì ti irin, àmọ́ tó bá ya, kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó o. Fún ẹni tí kò ní lo winch, òun ni mo máa yàn.

Ní ti sísanra, mìlímítà 4 sí 5 tó fún ojú bọ́ńpà. Irin ìdìmú tó so bọ́ńpà mọ́ ṣáásí ni kí ẹ má ṣe gbà kó dín ní 6. Etí tí a ń fi shackle (irin tó tẹ̀ bíi U, tí a fi ń so okùn mọ́ ọkọ̀) kọ́ gbọ́dọ̀ la ojú bọ́ńpà kọjá, kí wọ́n jó o mọ́ irin ìdìmú lẹ́yìn. Bí ojú nìkan ni wọ́n jó o mọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá fi fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ ló máa ya, irin tó bá já nígbà tí okùn le sì lè pa èèyàn. Shackle mìlímítà 19 tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù 4.75 sí lára ló wọ́pọ̀. Pín-ìn rẹ̀ jẹ́ 22, nítorí náà ẹ wọn ihò náà.

Winch gbọ́dọ̀ lágbára tó ìlọ́po kan àbọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ tó wọn 2,700 kìlò ń fẹ́ 4,050, ìyẹn winch tí wọ́n kọ pọ́n-ùn 9,000 sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín á dé ibi tí wọ́n ti ń tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti wọ inú bọ́ńpà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń dè é. Àìmọye ìgbà lẹ máa na ọwọ́ síbẹ̀.

Tí ẹ bá ń dè é, ẹ ki gbogbo bóòtù bọ̀ ọ́ láìfún un, ẹ gbé e tọ́, kí ẹ tó wá máa fún un. Bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 tàbí 10.9 sí lórí, ìyẹn nọ́ńbà agbára rẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ fi bíi mìlímítà 15 sí 20 sílẹ̀ láàárín bọ́ńpà àti fẹ́ńdà, torí pé orí rọ́bà ni ara ọkọ̀ jókòó sí, ṣáásí sì máa ń lọ́ nínú kòtò. Bí àyè kò bá sí, bọ́ńpà á tẹ fẹ́ńdà wọlé. Lẹ́yìn bíi 500 kìlómítà, ẹ tún bóòtù fún: ọ̀dà tó wà lábẹ́ orí bóòtù máa ń tẹ́, ìdè á sì dẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ wá ní àwọn ibi tí wọ́n ṣe kó lè rún tí nǹkan bá kọlù ú, bí irin ṣe rún sì wà lára ohun tí sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ ìgbà tí airbag yóò tú. Irin líle tí kò rún lè dà á rú. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é bóyá ó ti dán an wò pẹ̀lú irú ọkọ̀ yín gan-an, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀. Bí radar, ẹ̀rọ tó ń mọ ohun tó wà níwájú, bá wà níwájú ọkọ̀, irin kò gbọ́dọ̀ bò ó. Tí wọ́n bá sún un, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe kí ọkọ̀ tó pa dà sójú títì.

Olóòtú, tí ẹ bá tún ń gbé àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ iye kìlò bọ́ńpà rẹ̀ àti sísanra irin ìdìmú rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà.

Òǹkàwé yín kan