Ẹ Jẹ́ Kí Ẹgbẹ́ Jọ Wọ Sítúdíò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Òǹkàwé yín kan kọ̀wé láìpẹ́ pé ariwo lásán ni orin heavy metal, ìyẹn orin gìtá oníná àti ìlù tó ń dún kíkankíkan. N kò bá a jiyàn lórí ohun tí etí rẹ̀ fẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gba ohùn àwo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́ irú orin náà kan àwa onílù Iléṣà gbọ̀ngbọ̀n.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, ẹgbẹ́ Black Sabbath láti Birmingham wọ sítúdíò Regent Sound ní London, wọ́n sì gba ohùn àwo náà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Orin tí wọ́n ti ń kọ lóde tó ti mọ́ wọn lára ni, nítorí náà, Rodger Bain tó darí iṣẹ́ náà ní kí wọ́n jọ máa lù ú bí ìgbà tí wọ́n wà lójú agbo, Ozzy Osbourne sì ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá kékeré tirẹ̀. Ìró òjò, àrá àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣáájú ni wọ́n fi kún un lẹ́yìn. Tony Iommi tó ta gìtá níbẹ̀ ti fi orí ìka ọwọ́ ọ̀tún méjì sílẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ níléeṣẹ́ irin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Ó yọ́ ike, ó fi mọ ìbòrí fún ìka náà, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. (Ọmọ Ògún ni lójú tèmi, bí kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.) Ní oṣù kejì ọdún 1970 ni àwo náà jáde, ó sì dé ipò 8 lórí àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú sítúdíò tiwa, kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ lùlù. Wọn yóò pe onídùndún lọ́jọ́ Ajé kó wá dá ìyáàlù lù lé e lórí, láìsí gúdúgúdú tí yóò gbè é. Akọrin di Ọjọ́bọ̀. Ojú mi ló ṣe tí bàbá onílù kan dá kọ̀ǹgọ́ dúró, tó bi ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà pé, “Ta ni kí n kì?” Ọmọ náà ní kí bàbá ṣáà máa lù, pé àwọn yóò gé e tó bá yá. Nígbà tí àwo jáde, ìlù ń ki ọkùnrin, obìnrin ló ń kọrin.

Àwọn onísítúdíò yóò ní iná kò dúró, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Nítorí owó epo yẹn gan-an ni mo ṣe ń sọ ọ́: ẹgbẹ́ tó ti fi orin kan ṣeré lóde ìnáwó títí tó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu kò ní pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n kó ẹgbẹ́ kan wọlé lódindi, kódà fún orin kan péré, kí wọ́n sì fi í wé èyí tí wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ra.

Èmi ni tiyín,
Onílù kan, Iléṣà.