Abẹ́rẹ́ Méjì Nínú Fíríìjì Kan

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Apoògùn ni mí ní ìhà gúúsù London, ní àdúgbò tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà wa máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó bi mí, bí ẹni pé ẹ̀sùn ni: ṣé ẹni tó ń gba adalimumab nítorí làkúrègbé tàbí psoriasis, àrùn awọ tó ń mú kí ara pọ́n kí ó sì máa hó, lè máa gún Mounjaro tàbí Wegovy mọ́ ọn láti dín sísanra kù?

Ó ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí àwọn tó ń tọ́jú wọn bá mọ̀ sí i. Adalimumab wà lára àwọn oògùn tí à ń pè ní biologic, ìyẹn oògùn tí a ń fi sẹ́ẹ̀lì alààyè ṣe. Ṣe ni ó máa ń di TNF lọ́wọ́, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ pe wíwú àti ìrora, ara a sì máa tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ṣe sí purotéènì mìíràn. Mounjaro àti Wegovy ní tiwọn ń ṣe bí èròjà ìfun tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó, wọ́n sì ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Èyí lè dá oògùn oníkóró dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í gba ikùn kọjá. Ilé-iṣẹ́ Eli Lilly tilẹ̀ ti ṣe ìwádìí kan, TOGETHER-PsA, níbi tí wọ́n ti fi tirzepatide, tí í ṣe oògùn inú Mounjaro, pọ̀ mọ́ ixekizumab, biologic mìíràn, fún àwọn tó sanra tí wọ́n sì ní làkúrègbé tó ń bá psoriasis rìn, nítorí ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ a máa dá kún wíwú náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìfipamọ́. Ilé ìwòsàn ni ó ń fún ni ní biologic níbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń fi owó ara wọn ra Mounjaro lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dókítà tó ń tọ́jú làkúrègbé wọn kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Adalimumab lè jí ikọ́ ife (TB) tó ti sùn sínú ara láti ìgbà èwe. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà gan-an, níbi tí ikọ́ náà ti wọ́pọ̀. Ẹni tí ikọ́ ife bá mú yóò rù, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ, yóò sì máa rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gún Mounjaro, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yóò máa kí i kú oríire pé ó ti fúyẹ́, òun náà yóò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ibà, òógùn òru àti ikọ́ tí kò lọ kì í ṣe iṣẹ́ Mounjaro.

Èébì àti inú rírun sábà máa ń wáyé nígbà tí a bá gbé ìwọ̀n Mounjaro sókè, bí àpẹẹrẹ láti 2.5 mg sí 5 mg lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Bí ẹni tó ń gba biologic nítorí àrùn ìfun Crohn kò bá sọ pé òun ń gún Mounjaro, dókítà lè rò pé àrùn náà ni ó tún gbéra, kí ó sì pààrọ̀ biologic tí kò ṣẹ̀. Èyí tó le jù ni ti àwọn tó ń lo methotrexate, oògùn làkúrègbé tí a máa ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú biologic: bí èébì bá gbẹ omi ara wọn, kíndìnrín kò ní lè fọ oògùn náà jáde bó ṣe yẹ, yóò sì di májèlé. Kí wọ́n pe ilé ìwòsàn kí wọ́n tó gbé ti ọ̀sẹ̀ yẹn mì.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ méjèèjì nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, kí a lè mọ èyí tó ṣẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì gún wọn sójú kan. Ẹni tó ń gba infliximab, biologic mìíràn tí a ń fi kílò ara wọn ìwọ̀n rẹ̀, ní láti jẹ́ kí wọ́n tún un wọ̀n bí ó bá ti fúyẹ́. Ẹni tó sì ń lọ sílé ní láti rántí pé Mounjaro lè wà níta fíríìjì fún ọjọ́ 30 bí ooru kò bá kọjá 30°C, ṣùgbọ́n Humira, tí í ṣe adalimumab, kò lè kọjá ọjọ́ 14, ní 25°C péré, ooru ọ̀sán Èkó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Kò ní bi yín ní iye tí ẹ rà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Apoògùn kan, London