Ta ló fi bọ́tìnì mẹ́jọ yẹn han ọmọ mi?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú tó ń bí mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ọmọbìnrin mi lọ ṣe JAMB, ẹkún ló sun wọlé. Kì í ṣe pé kò kàwé. Ọmọ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì ka Bàọ́lọ́jì nígbà tí mo bá ti sùn! Ohun tó wí ni pé, "Mọ́mì, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń padà síbi tí mo fò."

Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe sẹ́kọ́ńdírì ní Àkúrẹ́ níbí. Wọ́n ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà, àbí kí ni kí n pè é, ojú pátákó ni tíṣà ti ń yà á fún wọn. Kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ni wọ́n gbé ka iwájú kọ̀ǹpútà pé kó dáhùn ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kó tó rí ibi tó máa tẹ̀, ìbéèrè márùn-ún ti lọ.

Wọ́n á ní kò le, bọ́tìnì mẹ́jọ péré ni. Mo ti gbọ́: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R bí èèyàn bá yí ọkàn padà. Ó dáa. Ta ló fi wọ́n han ọmọ mi? Ọmọ aládùúgbò ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, lẹ́yìn tí ìdánwò ti parí!

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìforúkọsílẹ̀ kún un. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ti wà ní sẹ́ńtà. A ti fi nọ́ńbà NIN ránṣẹ́ sí 55019 ti JAMB láti ọjọ́ méjì, kóòdù tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ ò wọlé. Nígbà tó wọlé, iná lọ. Wọ́n tan jẹ́n, ó kan ìtẹ̀ka, ẹ̀rọ ò mú àtàǹpàkò rẹ̀. Gbogbo ọlidé ló fi ń bá ìyá mi bó ẹ̀gẹ́ ní Ìdànrè, ojú ìka ti họ. Ó fọwọ́, ó nu ún, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀keje ló tó gbà. Gbogbo ibi tí a dúró sí, owó ni.

Àwọn ọ̀gá tó wà nínú éásì, ọmọ tiwọn ní láptọ́ọ̀pù láti pírámárì. Láti 2015 ni JAMB ti pa bébà tì pátápátá, WAEC náà ti gbé ìdánwò àwọn tó ń fúnra wọn forúkọ sílẹ̀, tí kì í ṣe iléèwé ló fi wọ́n sílẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà ní 2024. Ṣé wọn ò rí i pé ó ń bọ̀ ni?

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún ló wà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Kí wọ́n wá yàrá kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kilaasi tó ṣófo tó, kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà ogún síbẹ̀. Sólà ni kí wọ́n gbé sórí òrùlé, ẹ má fi jẹ́n ṣe é, nítorí a mọ ẹni tó máa ń mu epo jẹ́n. Kí ilẹ̀kùn ṣí láti aago méjì sí mẹ́fà, àti ní Sátidé. Àgùnbánirọ̀ tó ka kọ̀ǹpútà ni kó máa kọ́ wọn, a ní wọn rẹpẹtẹ. Kí ìbéèrè àtijọ́ ti wà nínú ẹ̀rọ, kó má sí ti dátà. Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábílẹ́ẹ̀tì tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín fún àwọn ọmọ iléèwé ní 2013, ṣebí inú rẹ̀ ni ìwé wà? Ọmọ SS2 ni kó kọ́kọ́ wọlé. Kí wọ́n má pín nǹkan kan fún wọn lọ sílé o, tábílẹ́ẹ̀tì olórúkọ olóṣèlú ò wù mí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n dè mọ́ tábìlì ni mo ń wí.

Kí wọ́n dín owó dátà kù pẹ̀lú.

Ọmọ mi tún fẹ́ ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti gba kííbọ́ọ̀dù kan tó ti kú lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ló wà. Tí kò bá sí kọ́sítọ́mà, á jókòó tì í, á máa tẹ N, á máa tẹ P.

Èmi ni,
Ìyá aránṣọ,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.