Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lórí àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ yín sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Mo mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá ti ní òun fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ohun tí ẹ máa rò ni pé ó fẹ́ ní kí ẹ pa tẹlifíṣàn, kí ẹ lọ kàwé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń wò ó, mo ń pariwo, ó sì ti sú ìyàwó mi láti máa ní kí n rọra. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yín, tí ẹ ṣì ń bá ṣọ̀tá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀bi tí ẹ ń dì rù wọ́n pọ̀ ju èyí tí wọ́n jẹ lọ, èébú náà sì ti kọjá ibi tó yẹ kó dé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti gbóná jù. Luis Figo gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona fún ọdún márùn-ún, gbogbo ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní 2000, Florentino Pérez ń dupò ààrẹ ẹgbẹ́ Real Madrid, ó ní bí wọ́n bá dìbò fún òun, òun á mú Figo wá. Ní Sípéènì, iye tí ẹgbẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ san kí agbábọ́ọ̀lù tó lè já àdéhùn rẹ̀ máa ń wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé àdéhùn náà. Pérez wọlé, Real Madrid san owó náà, nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù yúrò. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n tíì san irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí rí. Nígbà tó fi máa di November 2002, Figo tún wọ Camp Nou, pápá Barcelona, pẹ̀lú aṣọ funfun Real Madrid lọ́rùn, ó sì lọ sí igun pápá láti gbá kọ́nà. Òkò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé e lórí: owó ẹyọ, ike omi, ìgò ọtí, àti orí ẹlẹ́dẹ̀ kan.

Orí ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi! Rẹfirí dá eré dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n padà wá gbá a parí, òdo sí òdo. Bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, kì í ṣe Figo ni mo máa ń rò, bí kò ṣe ẹni tó gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ó ní láti wá a rà, ó ní láti dì í, ó ní láti gbé e kọjá lójú àwọn tó ń yẹ ara ẹni wò lẹ́nu ọ̀nà, kó sì gbé e sí ẹsẹ̀ títí Figo fi dé tòsí. Ọdún méjì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ta ni ìbínú náà ń fìyà jẹ?

Àwọn kan á ní ọ̀tọ̀ ni ti Figo, pé ọ̀dọ̀ ọ̀tá gan-an ló lọ. Ó dáa. Ní sáà yẹn kan náà, balógun ikọ̀ Barcelona ni Luis Enrique. Níbo ló ti wá? Real Madrid ni, ní 1996. Ọ̀nà tí Figo rìn lòun náà rìn, ibi tí wọ́n kọjú sí nìkan ló yàtọ̀. Àwọn tó ń ju òkò lu Figo ló ń kọrin fún Luis Enrique, ó sì padà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn tó gba ife ẹ̀yẹ mẹ́ta fún wọn nínú sáà kan ṣoṣo ní 2015. Ẹ bi àwọn ará Madrid léèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá lọ, òun nìkan là ń rí níwájú kámẹ́rà tó gbé jẹ́sì tuntun dání tó ń rẹ́rìn-ín. A kì í rí àwọn tó jókòó sí yàrá ìpàdé tí wọ́n bu ọwọ́ lùwé pé kó máa lọ. Robin van Persie gbá bọ́ọ̀lù 30 wọlé nínú líìgì fún Arsenal ní sáà tó parí ní 2012. Ọdún kan péré ló kù nínú àdéhùn rẹ̀, ó sì ní òun ò ní fọwọ́ sí òmíràn. Àwọn aláṣẹ Arsenal lè ní kó lo ọdún kan yẹn tán, kó wá máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tà á ní nǹkan bíi 24 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, Manchester United ni wọ́n sì tà á fún, láìsí ẹni tó fi ipá mú wọn. Ẹni tó tajà kówó sápò, ẹni tí wọ́n tà wá di Júdáàsì. Nígbà tó padà wá ní April 2013, United ti gba líìgì náà tán. Àwọn ọmọ Arsenal tò sí ọ̀tún àti òsì láti pàtẹ́wọ́ fún wọn bí àṣà, van Persie gba àárín wọn kọjá, gbogbo pápá ń hó lé e. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó ti gbá pẹnáritì wọlé.

Ti Cesc Fabregas, ọmọ Arsenal tẹ́lẹ̀, ló tún pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí Barcelona fẹ́ tà á ní 2014, Arsenal ló ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ láti rà á padà. Arsenal ní àwọn ò rà. Ó gba Chelsea lọ, ariwo sì sọ pé ó da ilé. Ṣé kó jókòó sílé láìríṣẹ́ ṣe ni?

Àwọn tó mọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn dáadáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Denis Law lo ọdún 11 ní Manchester United, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1973. Ó gba Manchester City lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù April 1974, City lọ bá United ní Old Trafford, nígbà tí United ń rá pálá kí wọ́n má bàa já sí dìfíṣàn kejì. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Law, ó kẹ̀yìn sí ilé, ó fi gìgísẹ̀ ta á wọlé. Kò fò sókè, kò sáré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dì mọ́ ọn, ojú rẹ̀ fà ro, ó ń rìn lọ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ọ̀fọ̀. United já lóòótọ́, àmọ́ èsì àwọn ìdíje mìíràn lọ́jọ́ yẹn fi hàn pé wọn ì bá já náà bí kò tilẹ̀ gbá a wọlé. Lónìí, ère Law wà níwájú Old Trafford pẹ̀lú ti George Best àti Bobby Charlton. Àwọn ènìyàn yẹn rántí pé ẹgbẹ́ ló jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo tún ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé láyé àtijọ́, agbábọ́ọ̀lù máa ń dúró ti ẹgbẹ́ kan títí. Ọ̀pọ̀ wọn dúró nítorí pé wọn ò rí ọ̀nà jáde ni. Jean-Marc Bosman, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, parí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú RFC Liège ní 1990. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ gé owó oṣù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sí Dunkerque ní Faransé, RFC Liège ní àfi kí Dunkerque sanwó kó tó lè lọ, ìyẹn lẹ́yìn tí àdéhùn ti parí pátápátá! Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. December 1995 ni ilé ẹjọ́ àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tó wà ní Luxembourg tó dá a láre, pé ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí lè lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn lábẹ́ àjọ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ìdájọ́ yẹn fi jáde, iṣẹ́ bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn tó jẹ èrè rẹ̀ ni àwọn tó wá lẹ́yìn, títí dórí Trent Alexander-Arnold, ẹni tó wọ Liverpool ní ọmọ ọdún mẹ́fà, tó bá wọn gba líìgì méjì àti ife Champions League, tí wọ́n sì hó lé lórí ní Anfield ní May 2025 nítorí pé ó ní òun ń lọ. Ogún ọmọdé kì í kúkú ṣeré fún ogún ọdún, òun sì ti lo nǹkan bí ogún ọdún níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìkùnsínú yìí ni bó ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ní February 2011, Barcelona wá sí Emirates, pápá Arsenal, wọ́n sì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ní ìlàjì kejì, Gaël Clichy gbé bọ́ọ̀lù kọjá lórí àwọn ẹlẹ́yìn wọn, van Persie bá a ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí ojú ilé ti há débi pé ẹni tó bá ní làákàyè á ta á sáàárín fún ẹlòmíràn. Víctor Valdés, aṣọ́lé Barcelona, náà rò bẹ́ẹ̀, ó ti ń sún síwájú láti dí i. Van Persie yìn ín gba àlàfo tó wà láàárín Valdés àti òpó, ó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Andrey Arshavin gbá ìkejì. Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan, ọmọ Arsenal paraku, ń ròyìn alẹ́ yẹn fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹnìkan kọ́kọ́ dá a padà, kí Arshavin tó wá parí ẹ̀.” Ẹnìkan! Alẹ́ tó dùn jù lọ tó rántí, kò lè sọ ọ́ já geere mọ́, torí orúkọ kan ti di èèwọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo ló kàn báyìí. Emmanuel Adebayor fi Arsenal sílẹ̀ lọ sí Manchester City ní 2009. Ní September ọdún náà ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé. Ó tẹ van Persie lójú mọ́lẹ̀, wọ́n sì padà fòfin dè é torí ẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó sáré láti òpin pápá kan dé èkejì, ó fi orúnkún wọ́ lórí koríko níwájú àwọn olólùfẹ́ Arsenal. Èmi ò ní gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ta wọ́n ni. (Ẹ sì kíyè sí i pé van Persie tí gbogbo wọn ń bá kẹ́dùn lọ́jọ́ náà ni wọ́n sọ di ọ̀dàlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.) Ní ọjọ́ 8 oṣù January 2010, bọ́ọ̀sì ikọ̀ Togo wà ní Cabinda, wọ́n ń lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Àǹgólà, nígbà tí àwọn agbébọn da ìbọn bò ó. Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá àti agbẹnusọ ikọ̀ náà wà lára àwọn tó kú. Adebayor wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Nígbà tó ṣe, àwọn kan láàárín àwọn olólùfẹ́ Arsenal gbé orin sẹ́nu ní pápá pé òun gan-an ni ìbọn ì bá bá.

Ti Sol Campbell náà ò yàtọ̀. Ó kúrò ní Tottenham lọ sí Arsenal, ọ̀tá wọn, lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2001. Ní 2008, ó ti kúrò ní Arsenal pàápàá, Portsmouth ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, àwọn olólùfẹ́ Tottenham ṣì dé ibẹ̀ wá kọ orin tó burú débi pé ọlọ́pàá dá sí i, àwọn kan nínú wọn fojú ba ilé ẹjọ́, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi.

Irú àwọn wọ̀nyí kò bẹ̀rẹ̀ látorí ikú àti ìbọn. Orí “kò da nǹkan kan, àwàdà lásán ni” ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò nílò kí ẹ dé pápá mọ́. Ojú òpó ẹni náà lẹ máa gbà wọlé, ibi tó gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ jòjòló sí, ibẹ̀ lẹ máa gbé èpè kalẹ̀ sí. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

N ò ní kí ẹ má bínú o. Ẹni tó fẹnu ko àmì ẹgbẹ́ lórí àyà rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó wá ń ṣe àyẹ̀wò ara ní ẹgbẹ́ mìíràn ní ọjọ́ Túsìdé, ó yẹ kó gbọ́ ọ létí. Ẹ hó lé e bó bá gba bọ́ọ̀lù, ẹ fi owó tí wọ́n ń san fún un ṣe yẹ̀yẹ́, bó bá pàdánù pẹnáritì, ẹ rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó parí. Gabriel Batistuta bá Fiorentina já sí Serie B, dìfíṣàn kejì ní Ítálì, ní 1993, ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gòkè padà, kó tó wá lọ sí Roma ní 2000. Nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé Fiorentina ní November ọdún yẹn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n lọ náà máa ń gbé nǹkan dání lọ.

Nítorí náà, èyí tí ẹ ti kọ sínú fóònù yín láti fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí sí agbábọ́ọ̀lù tó fi yín sílẹ̀, ẹ ṣí i. Ẹ yọ ìyá rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ yọ àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ yọ àwọ̀ ara rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹ yọ ibi tí ẹ ti ní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí èmi náà kí n lè bá yín rẹ́rìn-ín.

Èmi ni,
Bàbá yín nínú eré bọ́ọ̀lù