Ta ló ń ka ẹja inú Ọ̀wẹnà?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lórí omi ẹ̀rọ tí kì í yọ ní Àkúrẹ́, òótọ́ lẹ sọ, àwa tá à ń gbé Òkè Àró mọ ohun tójú wa ń rí kọ́mọ tó rí omi wẹ̀ lọ sílé ìwé. Ẹ dárúkọ páìpù, ẹ dárúkọ pọ́ǹpù, ẹ dárúkọ dísù àti bọ́jẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ẹ ò dárúkọ ẹja rárá. Odò ni Ọ̀wẹnà kí wọ́n tó fi dáàmù dí i, kí wọ́n tó sọ ọ́ di omi ẹ̀rọ wa, nǹkan ń gbé inú ẹ̀, àwọn kan sì ń jẹun lára ẹ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Ẹni tó bá ń ta omi odò, òun náà ló yẹ kó máa sanwó fún kíka ohun tó ń gbé inú odò yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ lára owó omi gan-an, ká yéé máa retí ẹni tó máa ta wá lọ́rẹ láti òkè òkun.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ro irú èrò yìí. Ní Amẹ́ríkà, lápá ìwọ̀ oòrùn wọn lọ́hùn-ún, odò kan wà tó ń jẹ́ Columbia, dáàmù tó wà lórí ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n ṣí ti Bonneville ní 1938, wọ́n ṣí Grand Coulee ní 1942. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní salmon, inú odò ni ẹyin ẹ̀ ti ń pa, á wá lọ dàgbà nínú òkun, tó bá tó àsìkò tóun náà máa yé ẹyin, á tún gba odò yẹn padà lọ síbi tí wọ́n ti bí i. Ẹ wá fojú inú wò ó, ẹja tó ń darí bọ̀ wálé bá ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Ní Bonneville wọ́n ṣe àtẹ̀gùn olómi sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù, ẹja á máa gun ún ní ìpele ìpele títí táá fi dókè, ṣùgbọ́n ní Grand Coulee wọn ò ṣe nǹkan kan, ibẹ̀ ni ìrìn àjò salmon parí sí, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹja yẹn jẹun láti ayébáyé sì pàdánù ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú àtẹ̀gùn Bonneville yẹn, wọ́n fi fèrèsé gíláàsì sí i lábẹ́ omi. Èèyàn ń jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa ka ẹja tó bá kọjá, oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Láti 1938 ni wọ́n ti ń kà á, iye tó kọjá lánàá, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún ń ki nǹkan kékeré kan tó dà bíi hóró ìrẹsì sínú ara ọmọ ẹja, tí ẹja náà bá wá kọjá ní dáàmù lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ̀rọ á dá a mọ̀ pé lágbájá nìyí, ibi báyìí la ti fi í sódò.

Ta ló ń sanwó gbogbo ẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Ní 1980 wọ́n ṣòfin pé iléeṣẹ́ tó ń ta iná tí àwọn dáàmù yẹn ń mú wá ni kó gbé ẹrù ohun tí dáàmù bá bà jẹ́ fún ẹja àti ẹranko, owó ẹ̀ sì wà nínú owó iná táwọn aráàlú ń san. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló yan aṣojú sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ẹ̀, Washington, Oregon, Idaho àti Montana. Nígbà tó di 1996 wọ́n tún fi àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó dá dúró síbẹ̀, gbogbo ètò tó bá fẹ́ gbowó, àwọn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mọ́gbọ́n dání. Ẹranko náà ò gbẹ́yìn, igbó tí omi dáàmù bò mọ́lẹ̀, wọ́n ń ra ilẹ̀ míì dípò ẹ̀ káwọn àgbọ̀nrín àtàwọn ẹyẹ lè ríbi gbé.

Ọ̀kan wà nínú ètò wọn tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹja kan tó ń jẹ́ pikeminnow ń jẹ ọmọ salmon nínú omi tí dáàmù ti mú kó rọra ń lọ, wọ́n wá ní kí ẹni tó bá lè fi ìwọ̀ mú un máa gbé e wá kó gba owó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìlú wa ńbí ni, kó tó di ọjọ́ kejì ẹnì kan á ti máa sìn ín nínú pọ́ǹdù ẹ̀yìnkùlé láti fi gbowó.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan ti dáa níbẹ̀ o. Owó ńlá ti wọlé, salmon ò tíì pọ̀ tó ti ayé àtijọ́, àwọn kan ṣì ń pariwo pé dáàmù mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ odò Snake, tó ń ṣàn wọnú Columbia, kí wọ́n wó wọn dànù, àwọn mìíì ní tí wọ́n bá wó o níbo làwọn á ti ríná. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ja ìjà yẹn. Àwa ńkọ́? Tí ẹnì kan bá ní ẹja Ọ̀wẹnà ti dín kù, tí ẹnì kejì ní irọ́ ni, kí la fẹ́ fi parí ẹ̀? Ariwo ẹnu nìkan.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní Amẹ́ríkà nìyẹn, olówó ni wọ́n. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé. Káínjì ńkọ́? 1968 ni wọ́n parí dáàmù yẹn lórí odò Ọya. Omi ò tíì kún fún ìgbà pípẹ́ tí ẹja fi pọ̀ yanturu, torí igbó àti koríko tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bò mọ́lẹ̀ á jẹrà, á di oúnjẹ ẹja. Ní 1970 ẹja tí wọ́n pa níbẹ̀ tó bíi 28,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi máa di 1978 ó ti wálẹ̀ sí bíi 4,500. Àwọn ẹja tó jẹ́ pé omi tó ń ṣàn ni wọ́n fẹ́, tí wọ́n máa ń gun pápá tí omi bò lọ yé ẹyin nígbà tódò bá kún, ọ̀pọ̀ nínú wọn dín kù, àwọn ẹja kéékèèké tó fẹ́ràn àárín adágún wá gba ibẹ̀. Ẹ wá bi mí pé báwo la ṣe mọ gbogbo èyí? Wọ́n kà á ni! Wọ́n dá ibi ìwádìí sílẹ̀ ní New Bussa nítòsí Káínjì, òun ló di iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ẹja omi tí ò níyọ̀ títí dòní. Láti 1993 àwọn ará Jámánì bá wa dá sí i, wọ́n jọ ń lọ bá àwọn apẹja ní abúlé, wọ́n ń wọn ẹja, wọ́n ń ka ọkọ̀, wọ́n ń ka àwọ̀n, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi mú àwọ̀n gbọọrọ tí wọ́n ń wọ́ bọ̀ létí omi, pé òun ló ń kó ọmọ ẹja tí ò tíì dàgbà. Ètò yẹn parí ní 2001. Owó onílé ò tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ kó tẹ̀ lé e, lójú tèmi o.

Ọ̀wẹnà ò tó ìdá kékeré nínú Káínjì, mo mọ̀, kò sì sí salmon nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n epìyà wà níbẹ̀, àrọ̀ wà níbẹ̀, obòkún wà níbẹ̀, òjìjí náà wà, ẹni tó bá ti fọwọ́ kan òjìjí nínú ìgèrè ẹ̀ kò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Ìyá kan wà ní Ọjà Ọba tí mo máa ń ra ẹja odò lọ́wọ́ wọn. Ẹ bá wọn nídìí báàfù wọn kẹ́ ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja, wọ́n á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ ikùn ẹ̀, wọ́n á ṣí ibi etí ẹja wò bóyá inú ẹ̀ ṣì pupa fòò, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á wá ojú ibi tí ìwọ̀ tàbí àwọ̀n ti hàn lára ẹ̀. Tí wọn ò bá rí àpá kankan tí ikùn sì ti rọ̀ jọwọlọ, wọ́n á ní, "Gbé e lọ, Gamalin lẹ fi pa eléyìí." Ẹ mọ Gamalin, oògùn tí àwọn bàbá wa fi ń pa kòkòrò lára kòkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi tó ń kọjá nísàlẹ̀ dáàmù bá ti di ṣíṣẹ́kù, tí odò wá di kòtò kòtò, ibẹ̀ làwọn ìkà èèyàn ti ń da oògùn yẹn sí, ẹja ńlá, ẹja kékeré, àkèré, akàn, gbogbo ẹ̀ á léfòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá yẹn ní ẹja odò ò wọ́pọ̀ mọ́, àrọ̀ pọ́ǹdù àti ẹja inú fíríìsà ló kún ọjà. Mo gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ ohun tí ìyá yẹn mọ̀, orí wọn nìkan ló wà.

FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà nílé wa ńbí, wọ́n ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja, wọ́n ní ti ẹranko igbó, kì í ṣe ọmọ tó lè kà á ló wọ́n wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ṣe projẹ́ẹ̀tì lórí odò kan lágbègbè yìí, àpò ara ẹ̀ ló ti ń yọ owó ọ̀kadà, ó gba ìwé ẹ̀rí tán ó wá iṣẹ́ lọ sí Èkó, iṣẹ́ kíkà yẹn parí síbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọdún kan la máa kà, a ò ní kà fún ọdún mẹ́wàá, ẹlòmíì á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan ṣoṣo ò sì lè sọ fún yín bóyá ẹja ń pọ̀ tàbí ó ń tán.

Ẹ̀rù kan ń bà mí ṣá. Tẹ́ ẹ bá gbé lẹ́tà yìí jáde, kí olóṣèlú kan má lọ ní òun ti gbọ́, kó gbé kámẹ́rà, kó gbé garawa ọmọ ẹja, kó lọ dà á sí dáàmù, kí gbogbo wọn wá pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú pọ́ǹdù lónìí ni wọ́n ti pa pọ̀ mọ́ oríṣi ẹja míì kó lè tètè tóbi, tó bá bọ́ sódò á lọ máa gun ti odò, a ò ní mọ èwo ni tiwa mọ́. Epìyà ní tiẹ̀, bóyá wọ́n da kún un bóyá wọn ò dà, á bímọ bó ṣe fẹ́ tí wọn ò bá sáà ti pa á tán. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ná.

Kò sì le. Kí wọ́n mú èbúté méjì tàbí mẹ́ta tí apẹja ń gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n gba ọmọ àdúgbò tó mọ ẹja dáadáa, kó ní òṣùwọ̀n, kó ní rúlà àti ìwé, kó máa kọ ohun tí wọ́n gbé bọ̀ àti gígùn ẹ̀, kó kọ ọ̀nì tàbí ẹyẹ omi tó bá rí mọ́ ọn, kó sì gba owó oṣù ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù ṣe ń gba tiẹ̀. Kí wọ́n wọn omi tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀ dáàmù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà. Mi ò bá wọn wá ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ẹja, ìyẹn á tún di kọ́ńtírààtì.

Ẹ̀yin náà ní tiyín, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń tẹ iye owó dọ́là, tí Sunshine Stars bá gbá ọ̀mì lásán ẹ máa gbé e jáde, ẹ fi igun kékeré kan sílẹ̀ fún ẹja Ọ̀wẹnà lóṣooṣù. Àwọn tó ni dáàmù máa ń gbé fóònù tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, àwa ni wọn kì í dá lóhùn. Ẹ bá wa bi wọ́n pé oríṣi ẹja mélòó ló wà nínú omi tí wọ́n ń tà fún wa, ta ló kà á kẹ́yìn, ìwé ẹ̀ dà. Èsì tí wọ́n bá fún yín, kódà kó jẹ́ "a ò mọ̀", ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Òkè Àró, Àkúrẹ́.